Aáyù Tí Wilai Bù Sínú Ọbẹ̀

Wilai ti ọ̀rá kékeré kan bọ abẹ́ aṣọ funfun rẹ̀, ó sì tún fọwọ́ kàn án láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Aáyù tí wọ́n lọ̀ kúnná bí àtíkè ló wà nínú rẹ̀. Nínú ilé ìdáná ojúbọ àwọn òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Ọba Mẹ́sàn-án, nígbà àjọ̀dún wọn, èèwọ̀ ni aáyù, bí ẹran ti jẹ́ èèwọ̀.

"Wilai! Olú tí mo ní kí o gé dà?" Àǹtí Bunma, àbúrò ìyá rẹ̀ tó jẹ́ olórí alásè, ló ń pariwo láti ìdí iná. "Àbí omi gbígbóná lásán lo fẹ́ kí àwọn èèyàn mu?"

"Mo ti ń gé e, Àǹtí."

"O ti ń gé e láti àárọ̀! Bí ọ̀bẹ ẹ bá mú bí ẹnu ẹ, à bá ti jẹun tán."

Àwọn obìnrin tó ń bó elégédé bú sẹ́rìn-ín. Wilai kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Rochana, ọmọ kíláàsì rẹ̀, nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí ìfun Wilai ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Inú á máa run ún, ikùn á wú, ìgbẹ́ gbuuru á dé lójijì. Dókítà ní kì í ṣe ọgbẹ́, kì í sì í ṣe aràn. Ìfun tó máa ń tètè bínú ni, kí ó máa ṣọ́ ohun tó ń bí i nínú. Ní àjọ̀dún tó kọjá, nígbà tí gbogbo ilé wọn pa ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà, àlùbọ́sà àti aáyù tì gẹ́gẹ́ bí àṣà ìlú wọn, Trang, inú rẹ̀ rọ̀ ọ́ pẹ̀sẹ̀. Ó bá pinnu pé bí àwọn yòókù tilẹ̀ padà sídìí ẹlẹ́dẹ̀ sísun, òun kò ní bá wọn padà.

Ìpinnu náà dára, ṣùgbọ́n kò fọgbọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó rò pé ohunkóhun tí kì í bá ti ṣe ẹran ló bá òun lára mu. Ó ń jẹ ẹ̀wà láàárọ̀, ó ń jẹ ẹ̀wà lálẹ́, ó tún ń jẹ ẹran àfarawé tí wọ́n fi àlìkámà ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò ìṣirò, ó jẹ wàrà tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, àwo kan gbáko, kó tó kúrò nílé. Kí ìdánwò tó dé ìdajì, ó ti tọrọ àyè léraléra, ó ń sáré lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Rochana tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé ló ń lọ kà níbẹ̀. Mo rí i lọ́wọ́ ẹ̀."

Irọ́ ni. Wọ́n tú àpò Wilai, wọn kò rí nǹkan kan. Rochana tún ní, "Ó ti jù ú sínú omi nìyẹn." Ọ̀gá Prasong, olùkọ́ wọn, gbà á gbọ́, ó sì fún Wilai ní òdo. Láti ọjọ́ náà ni Rochana ti sọ ọ́ ní Ìyàwó Ṣálángá.

"Ìyàwó Ṣálángá, ọkọ ẹ ń pè ẹ́ o! Ṣebí o ní ewé lo fẹ́ máa jẹ bí ewúrẹ́?"

Ìtìjú kò jẹ́ kí Wilai sọ ọ́ nílé. Ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ mọ̀ kò ju pé ikùn ń dá ọmọ náà lóró lọ. Arúgbó náà bá wọ aṣọ funfun, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní fi ohun èèwọ̀ kankan kan ẹnu títí àjọ̀dún á fi parí, kí Ọba Mẹ́sàn-án lè wo ọmọ òun sàn.

Ẹ̀san ni Wilai ń wá ní tirẹ̀. Wọ́n ti yan Rochana láti gbé àwo tùràrí nínú ìwọ́de ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí òórùn aáyù bá jáde lẹ́nu rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwo náà. Ata àti èròjà ọbẹ̀ olú á bo òórùn náà mọ́lẹ̀ nínú àwo, ṣùgbọ́n nígbà tí Rochana bá ya ẹnu gbàdúrà níwájú àwọn àgbà, èémí rẹ̀ á tú u fó. "Bó ṣe dójú tì mí níwájú kíláàsì," ni Wilai ń sọ nínú ara rẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe dójú tì í níwájú gbogbo ìlú."

Nígbà tí wọ́n bu ọbẹ̀ àwọn tó máa gbé tùràrí sọ́tọ̀, tí wọ́n kọ orúkọ oníkálukú sí ara àwo rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tú ọ̀rá náà sínú àwo Rochana, ó rò ó pọ̀. Ó tilẹ̀ dùn ún pé aáyù náà kò pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jáde lọ kó àwọn ṣíbí tí wọ́n sá sóòrùn.

Bó ti ń padà wọlé, ó gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan: "Àǹtí, Rochana ní òun ti jẹun nílé o."

"Ó ti jẹun nílé, ó wá jẹ́ kí n bu tiẹ̀ sílẹ̀? Gbé e wá. A kì í da oúnjẹ nù níbí."

Kí Wilai tó la ẹnu, Àǹtí Bunma ti da àwo náà padà sínú ìkòkò ńlá. Ó rò ó, ó bu àwo àkọ́kọ́, ó sì gbé e fún ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀. Ìyá àgbà Wilai ni.

Wilai dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ṣíbí lọ́wọ́. Bó bá sọ̀rọ̀, Rochana á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n á fi jáde ilé ìwé. Bóyá aáyù díẹ̀ nínú ìkòkò ńlá kò já mọ́ nǹkan. Bóyá kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Níbi tó ti ń rò ó, arúgbó náà ti pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó ti kí àwọn Ọba Mẹ́sàn-án, ó ti bu ṣíbí kan, ó sì ti gbé e mì.

"Ìyá àgbà, ẹ má jẹ ẹ́ mọ́!"

Gbogbo wọn kọjú sí i.

"Aáyù wà nínú ẹ̀. Èmi ni mo fi sí i. Rochana ni mo fẹ́ fún un jẹ."

"Wilai," ni Àǹtí Bunma sọ, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, "ṣé orí ẹ pé báyìí?"

Ìyá àgbà rọra gbé ṣíbí náà kalẹ̀. Kò bú u, kò sì gbá a létí. "Ọmọ mi," ló wí, "torí ikùn ẹ ni mo ṣe fi ẹnu mi sábẹ́ òfin." Ó dìde, ó di ògiri mú, ó lọ bọ́ aṣọ funfun rẹ̀.

Wọ́n gbé ìkòkò náà fún àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin tí kì í pa èèwọ̀ náà mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ní ìrọ̀lẹ́, Rochana gbé àwo tùràrí kọjá níwájú Wilai. "Ìyàwó Ṣálángá," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́, "mo gbọ́ pé o se ọbẹ̀ dè mí. O mà ṣeun o."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Wilai tú gbogbo ọ̀rọ̀ ìdánwò náà sílẹ̀ nílé. Nígbà tí ilé ìwé wọlé, ìyá Wilai mú ọ̀rọ̀ dókítà tọ Ọ̀gá Prasong lọ. Ọ̀gá náà tẹ́tí sí i dáadáa, ó wá mi orí. "Ìyá Wilai, ẹni tó lè fi aáyù sínú ìkòkò ojúbọ, ṣé ó ṣòro fún un láti mú ìwé wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀?"

Ìyá rẹ̀ dìde, ó padà sílé. Òdo náà dúró síbẹ̀, Wilai sì ní láti tún iṣẹ́ ìṣirò náà kọ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Ó ṣì ń jẹun láìjẹ ẹran. Ó ti mọ̀ báyìí pé oúnjẹ tuntun kan ṣoṣo ni kí òun máa tọ́ wò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ̀wà kéré, kí ìrẹsì àti elégédé pọ̀. Ìfun rẹ̀ ti rọlẹ̀ gan-an. Ní àjọ̀dún tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbà tún wọ aṣọ funfun, ó tún ẹ̀jẹ́ jẹ́. Wọn kò jẹ́ kí Wilai wọ ilé ìdáná. Ìta ló jókòó sí, tó ń fọ àwo.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, ká má gbẹ́ ẹ jìn. Ká má tilẹ̀ gbẹ́ ẹ rárá ló sàn jù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá ṣe yín níbi, ẹ tètè sọ ọ́ fún àgbà nígbà tí ọwọ́ yín ṣì mọ́. Irọ́ ni Rochana pa mọ́ Wilai, kò sì sí ẹ̀rí kankan tó lè fi gbè é lẹ́sẹ̀. Wilai fúnra rẹ̀ ló bá a wá ẹ̀rí.