Ọ̀bẹ Méjì

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí ọ̀bẹ rọ́bà tún kákò lára tìmùtìmù, tí gbogbo yàrá sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ọlọ́bẹ, ṣé ọ̀bẹ lo gbé fún mi ni àbí ewé?" Géńdé, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló béèrè bẹ́ẹ̀. Kódà Tínrín, ọ̀rẹ́ Ìyá Ọlọ́bẹ tímọ́tímọ́, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ojú ti ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọlọ́bẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń darí fíìmù tí wọ́n ń yà. Inú ìwé ìtàn abàmì àtijọ́ kan ni wọ́n ti yọ ọ́: ohun kan tó ń gbé inú ògiri sọ fún ọkọ pé ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn mọ́, ọkọ sì dìde láti pa á. Géńdé ni ọkọ, Tínrín ni ìyàwó. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa tọ́jú ọ̀bẹ méjì, ọ̀kan rọ́bà, ọ̀kan gidi tí wọ́n máa ń ya òun nìkan. Ọ̀dà kan náà ni wọ́n fi kùn wọ́n, wọ́n sì ti irin bọ èkù ti rọ́bà kó lè wúwo bíi ti èkejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un láìmọye ìgbà: "Ọ̀bẹ gidi ò gbọdọ̀ jáde nínú àpótí bí ẹnikẹ́ni bá wà níwájú kámẹ́rà."

Àmọ́ ẹ̀rín yẹn ká a lára. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé tìmùtìmù lásán ni Géńdé máa gún, Tínrín á ti yí kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tún iná tò, ó ṣí àpótí, ó pààrọ̀ ọ̀bẹ, kò sì sọ fún ẹnì kankan.

"Ó yá!" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Géńdé bú ramúramù, ó gún tìmùtìmù, ọ̀bẹ sì wọlé dé èkù. Inú Ìyá Ọlọ́bẹ dùn. Ṣùgbọ́n orí Géńdé ti gbóná. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó lé Tínrín tó ń rákò lọ sí ẹnu ọ̀nà. Tínrín gbà pé rọ́bà ni, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó gbá ojú ọ̀bẹ mú gírígírí. Géńdé fà á gbà, ẹ̀jẹ̀ sì tú jáde.

"Ẹ gbà mí o! Ó ń pa mí o!"

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún Tínrín pé kó sọ gan-an nìyẹn. Gbogbo wọn rò pé omi pupa tí wọ́n fi ọ̀rá dì sábẹ́ aṣọ rẹ̀ ló bẹ́.

"Háà, ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe!" ni ẹ̀gbọ́n Ìyá Ọlọ́bẹ wí. "Géńdé, má dúró!"

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀. Ìyá Ọlọ́bẹ la ẹnu, ó tún pa á dé. Bó bá kígbe, gbogbo wọn á mọ ẹni tó ṣí àpótí. Ó ń wá bí òun ṣe máa sọ ọ́ tí ẹ̀bi ò fi ní jẹ́ tòun. Ibi tó ti ń rò ó ni Géńdé ti gbé ọ̀bẹ sókè, ó sì gún Tínrín ní èjìká.

"Ẹ dúró! Ọ̀bẹ gidi ni! Èmi ni mo pààrọ̀ ẹ̀!"

Géńdé ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ọlọ́bẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó fi di ojú ọgbẹ́, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ń kán láti yàrá dé ìdí mọ́tò.

Àtẹ́lẹwọ́ tó gé jinná. Ti èjìká ni wàhálà. Ọ̀bẹ ti gé iṣan, ọwọ́ ọ̀tún kò lè di bírò mú mọ́, ìdánwò àṣekágbá sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

"Nígbà tí mo kọ́kọ́ kígbe," Tínrín béèrè lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, "ṣé o ti mọ̀?"

Ì bá parọ́. Kò sẹ́ni tó lè já a.

"Mo mọ̀. Ìtìjú ló dí mi lẹ́nu."

Tínrín kọjú sí ògiri. "Mo lè dárí ti ọwọ́ jì ẹ́. Ti èjìká ńkọ́?"

Lójoojúmọ́ báyìí, bí ilé ìwé bá ti parí, Ìyá Ọlọ́bẹ ń lọ kọ́ Tínrín bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Tínrín ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́. Bí Ìyá Ọlọ́bẹ bá ti kígbe nígbà tí Tínrín kọ́kọ́ kígbe, àtẹ́lẹwọ́ nìkan ni dókítà ì bá rán.