Ara Òkun Kò Yá

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ebúté-Adùn fẹ́ ṣe Àjọ̀dún Ìwẹ̀, Agbọ́hùn sọ fún àwọn àgbà ìlú pé ara òkun kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá a lóhùn.

"Kí ló ṣe é? Ibà ni àbí ọ̀fìnkìn?" Olóyè Orímisan, olórí ìgbìmọ̀ àlejò, ló béèrè bẹ́ẹ̀, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi se àgbo fún òkun o!"

Màmá Morádéyọ̀ tó jókòó tì í, tó ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ fi fẹ́ẹ̀ há a lọ́fun.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," Agbọ́hùn kí i. "Oúnjẹ á gba ibi ire."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ìlú tó jẹ́ fún yín, nítorí ẹni tí kò bá mọ Ebúté-Adùn lè sọ pé òmùgọ̀ làwọn èèyàn náà. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀ o.

Ní ayé ìgbà yẹn, wọ́n ti ń bí ọmọ sórí Òṣùpá, ọmọ náà á dàgbà, á darúgbó síbẹ̀, láìfojú kan omi tó ju ti inú báfù lọ. Irú wọn ló ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá gbafẹ́ ní Ebúté-Adùn. Oòrùn tí àwa ń sá fún, òun gan-an ni wọ́n ń wá kiri. Bí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ iyanrìn, ẹkún ayọ̀ ni. Wọn á mu omi àgbọn, wọn á wo alábahun òkun bó ṣe ń rá gòkè sórí ilẹ̀ wá yé ẹyin, wọn á jẹ ìrẹsì alágbọn pẹ̀lú ẹja yíyan, ara wọn á sì pọ́n bí edé bíbọ̀. Ìṣòro wọn kan ni pé ara máa ń wúwo fún wọn ní ilẹ̀ ayé. Lórí Òṣùpá wọ́n fúyẹ́. Níbí, ọ̀dọ́ wọn ń tẹ̀pá, àgbà wọn ò sì lè rìn jìnnà rárá.

Yàrá Dígí ló tún gbayì jù lójú wọn. Ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n kọ́ àwọn yàrá náà sí, wọ́n so wọ́n kọ́ra, ògiri wọn mọ́ gaara. Ẹ ó jókòó sídìí tábìlì, ẹ ó máa jẹ ẹja, ẹja yóò sì máa wò yín. Ìbíkúnlé, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá Morádéyọ̀ bí, ni atọ́nà ibẹ̀. Ọkùnrin gìrìpá ni. Àlejò tí kò bá lè rìn, ẹ̀yìn ló ń pọ̀n ọ́n sí, tí á máa dápàárá fún un títí wọn á fi dé ìdí tábìlì. Ọjọ́ àjọ̀dún yìí gan-an ni ìlú fẹ́ fi í joyè.

Agbọ́hùn ló ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn, ẹ̀rọ onílàákàyè ni. Ó ní etí káàkiri ìsàlẹ̀ òkun, òun ló ń ṣí ìlẹ̀kùn tó sì ń tì í, inú ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn àgbà àti òṣìṣẹ́ ń fi sọ́rùn ló ń gbà sọ̀rọ̀. Tinúadé, ọmọbìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ṣe é, kọ́ ọ ní ìṣirò, ó kọ́ ọ ní ìmọ̀ omi àti ti ìgbì. Ẹ̀kọ́ ilé ni kò kọ́ ọ.

Lọ́dún tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, apẹja kan kú sómi. Ìyàwó rẹ̀ ń bu ẹja yíyan fún àwọn àlejò lọ́wọ́ nígbà tí Agbọ́hùn fi gbohùngbohùn ké sí i níwájú gbogbo èrò: "Ọkọ yín ti kú, mà. Òkú rẹ̀ wà lẹ́bàá òkúta. Ẹ wá gbé e." Obìnrin náà ṣubú lulẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ìlú gbaná jẹ. Irú ẹ̀rọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ wo lèyí? Ta ló ń túfọ̀ báyẹn?

Bí wọ́n ṣe lọ bẹ Màmá Morádéyọ̀ nìyẹn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan ló fi jókòó ti Agbọ́hùn.

"A kì í sọ ìròyìn burúkú lu èèyàn bí òkò," ló ń sọ fún un. "Kọ́kọ́ kí i. Ní kó jókòó. Bi í bóyá ó ti jẹun. Bí kò bá tíì jẹun, dúró kó jẹun ná. Kó o wá máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀: ara rẹ̀ kò yá, ó ti dùbúlẹ̀, kí àwọn ará ilé máa bọ̀. Àgbà ni kó o sọ ọ́ fún, má sọ ọ́ fún ọmọdé. Má sì jẹ́ kí àlejò gbọ́. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, á di odindi."

Agbọ́hùn gba ẹ̀kọ́. Ìlú yìn ín, wọ́n yin Màmá. Wọ́n wá ní kí wọ́n yọ gbogbo pátákó tó ń fi iná pupa kìlọ̀ ewu kúrò, pé ó ń já àlejò láyà, pé Agbọ́hùn yóò máa sọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Tinúadé nìkan ló yarí.

"Màmá," ó sọ nígbà náà, "ògiri dígí kì í ṣe opó. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, a kì í bi í bóyá ó ti jẹun."

"Tinú, ẹ̀kọ́ ilé kì í pọ̀ jù," Màmá dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká padà sábẹ́ igi àgbọn. Ẹ̀rín tí wọ́n ń rín kò tíì tán tí Tinúadé fi sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì kúnlẹ̀ sínú iyanrìn.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Kí ni Agbọ́hùn sọ fún yín?"

"Ó ní ara òkun kò yá," Olóyè Orímisan ní. "Ṣé ìwọ náà gbé oògùn wá ni?"

Tinúadé kò rẹ́rìn-ín. "Láti àná ni mo ti ń bi í bí ìsàlẹ̀ òkun ṣe wà, sà. Ó ní kí n lọ bá àwọn àgbà. Mo tún bi í láàárọ̀ yìí, ó ní ọ̀rọ̀ náà ju ọmọdé lọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ lónìí."

"Wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀. Oúnjẹ ti wà lórí tábìlì. Ṣé kí n wá lọ lé àlejò nídìí oúnjẹ nítorí pé ẹ̀rọ ń ṣòjòjò?"

"Ẹ lé wọn, sà! Bó bá dọ̀la, ẹ ó tún wọn pè."

"Háà! Ní Ebúté-Adùn?" Olóyè dìde fùú. "A kì í lé àlejò nídìí oúnjẹ. Bàbá mi ò ṣe é, èmi náà ò ní ṣe é. Kí ni wọ́n fẹ́ lọ máa wí nípa wa ní Òṣùpá?"

Tinúadé yíjú sí Màmá. "Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ẹ bá wa bi í. Ìbíkúnlé wà nísàlẹ̀ níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn bí Màmá nínú. Kí ló dé tí yóò fi máa fi ọmọ dẹ́rù bà á? Síbẹ̀ ó nu ọwọ́, ó di ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ mú.

"Agbọ́hùn, ọmọ mi, òkun ńkọ́?"

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, Màmá," ohùn náà dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Òkun ti dùbúlẹ̀."

"Ẹ wo ojú omi náà fúnra yín," Olóyè ní, ó nawọ́. "Kò sí ìgbì kankan. Ó ń dán bí àwo."

"Ó máa dára, Màmá," Agbọ́hùn ń bá tirẹ̀ lọ, "kí àwọn ará ilé tó wà lókèèrè máa bọ̀."

Ẹ̀rín kú mọ́ Màmá lẹ́nu. Ara rẹ̀ kò yá. Ó ti dùbúlẹ̀. Kí àwọn ará ilé máa bọ̀. Ta ló tò wọ́n tẹ̀ léra báyẹn? Òun náà ni.

"Agbọ́hùn, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ jókòó dáadáa, Màmá. Ṣé ẹ ti jẹun tán?"

"Jẹun kẹ̀?" Màmá fò dìde, àwo rẹ̀ dojú dé. "Sọ ọ́ láìfepobọyọ̀! Èmi tí mo kọ́ ọ ni mo ní kó o sọ ọ́!"

"Ògiri yàrá tó jìn jù lọ ti sán, Màmá. Ibi tó sán náà ń gùn sí i, omi ti ń wọlé. Kò ní pẹ́ ya."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àná."

"Láti àná! O ò sì sọ?"

"Mo ti ń sọ ọ́, Màmá. Lánàá mo sọ fún Olóyè pé orí ń fọ́ òkun díẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Bí ẹ ṣe kọ́ mi ni mo ṣe ń sọ ọ́."

Fìlà bọ́ lọ́wọ́ Olóyè Orímisan. Tinúadé ti gba ọ̀nà afárá tó wọ inú òkun lọ, ó ń sáré lọ síbi ẹ̀rọ agbéniròkè tí wọ́n fi ń gòkè láti ìsàlẹ̀ òkun. Olóyè tẹ̀ lé e, agbádá lọ́wọ́, arúgbó tí kò sáré láti ìgbà tó ti joyè.

"Ìbíkúnlé!" Màmá ké sínú ìlẹ̀kẹ̀ bí òun náà ṣe ń tẹ̀ lé wọn lọ sórí afárá. "Ìbíkúnlé o! Kó wọn jáde!"

"Màmá?" Ìró ṣíbí àti ẹ̀rín àlejò ń dún lẹ́yìn ohùn rẹ̀. "Ẹ kú àjọ̀dún o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bu oúnjẹ ni..."

"Ògiri ń ya! Pọ̀n wọ́n, wọ́ wọn, ṣe bó o bá ti mọ̀!"

Kò bi í ní ìbéèrè kejì. Màmá gbọ́ bí àga ṣe ń ṣubú, ó gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń sọ fún wọn pé, "Ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀yin àlejò wa, ẹ di ọrùn mi mú." Ẹ̀rọ agbéniròkè gòkè, ó kún fún èèyàn, Tinúadé àti Olóyè ń fà wọ́n jáde sórí afárá, ẹ̀rọ tún sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó ń tẹ̀pá ń rìn bí ẹni tó gbé ọlọ rù. Nísàlẹ̀, Ìbíkúnlé ń pọ̀n, ó ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ó ń padà lọ pọn òmíràn. Mímí rẹ̀ nìkan ló kù nínú ìlẹ̀kẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìró kan ta nínú dígí, pá! Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ.

"Ó ku ẹnì kan," Agbọ́hùn ní. "Bàbá àgbàlagbà kan, nídìí tábìlì."

Fi í sílẹ̀ kó o máa bọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dé ẹnu Màmá. Ó fẹ́ sọ ọ́, ó fẹ́ fi gbogbo ara sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin bàbá náà jókòó sórí afárá níbẹ̀, ó ń wò ó lójú, Màmá sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Àlejò ni, Màmá," Ìbíkúnlé sọ, àfi bí ẹni tó gbọ́ ọ. "Mò ń bọ̀."

Wọ́n dúró. Ojú omi tó ń dán bí àwo ṣàdédé ru sókè lókèèrè, ó funfun, ó hó, ó sì tún rọlẹ̀. Ẹ̀rọ agbéniròkè gòkè wá. Bàbá àgbàlagbà náà nìkan ló wà nínú rẹ̀, ó tutù dé ọrùn, ó ń gbọ̀n.

"Ó tì mí wọlé," ó ní. "Ó ní òun ń tẹ̀ lé mi bọ̀."

Tinúadé tẹ bọ́tìnnì títí. Ẹ̀rọ náà kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Àwọn àlejò pé sí etíkun, kò sí ọ̀kan tó nù. Olóyè Orímisan jókòó sílẹ̀ láìlófìlà, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ń sọ pé òun gbọ́ o, òun gbọ́ pé orí ń fọ́ ọ. Tinúadé di ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ mú.

"Agbọ́hùn, Ìbíkúnlé dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́," ẹ̀rọ náà dá a lóhùn, "ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá àgbà sọ̀rọ̀."

Tinúadé fọwọ́ bo ẹnu. Ìsàlẹ̀ afárá ni Màmá Morádéyọ̀ wà, omi dé e lórúnkún, ó ń wo ọ̀kánkán.

"Màmá, ẹ kú ìdúró," Agbọ́hùn kí i. "Ẹ wá jókòó díẹ̀."

Màmá jáde nínú omi. Ó jókòó sórí iyanrìn, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?"

Ó mọ ohun tí òun lè sọ tí Agbọ́hùn yóò fi dáhùn láìfepobọyọ̀. Ẹnu òun náà ló fi pàṣẹ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Tinúadé ń wò ó, ó ń retí kó sọ ọ́.

"Mi ò tíì jẹun, ọmọ mi," Màmá ní.

Agbọ́hùn mọ̀ pé ó ti jẹun. Òun ló kí i nídìí ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gba ẹ̀kọ́ kì í sọ fún àgbà pé irọ́ ló pa.

"Kò burú, Màmá. Ẹ jẹun ná. Màá dúró."

Bàbá àgbàlagbà ará Òṣùpá náà gbọ́ ọ. Kò mọ àṣà wa. Ó ṣáà gbọ́ pé obìnrin tí ọmọ rẹ̀ pọn òun kò tíì jẹun. Ó tẹ ọ̀pá, ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ sídìí oúnjẹ àjọ̀dún, ó bu ìrẹsì alágbọn àti ẹja sínú àwo, ó sì gbé e wá síwájú rẹ̀. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé àwo náà sórí iyanrìn, ó ká ọwọ́ lé itan, títí oòrùn tí gbogbo ayé ń tìtorí rẹ̀ wá sí Ebúté-Adùn fi wọ̀, kò fọwọ́ kan oúnjẹ náà.