Ìdá Kékeré Tí Atọ́nà Ń Dà Nù

Ọjọ́ tí Fadérera parí títún Atọ́nà kọ sí èdè tuntun, ìdáhùn tí ẹ̀rọ fún un yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ó tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Bákan náà ni.

Orí òṣùpá ni Fadérera ń gbé, ní Ibùdó Etígbọ́run, níbi tí àwo ńlá kan ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọkọ̀ òfuurufú tó rìn jìnnà. Ènìyàn mọ́kànlélógún ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo wọn ti padà sílé, ó ku òun nìkan. Ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án tí kò bá ẹnikẹ́ni jẹun. Nígbà míì ó máa ń kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́, kó ṣáà lè gbọ́ ohùn ènìyàn.

Atọ́nà ni àkójọ ìlànà ìṣirò tó ń sọ ibi tí àwo náà yóò kọjú sí lójoojúmọ́. Èdè Kejì, èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, ni wọ́n fi kọ ọ́ ní ogójì ọdún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ àwọn kọ̀ǹpútà tuntun kò gbọ́ èdè míì ju Èdè Kẹta lọ. Iṣẹ́ Fadérera kò ju kó tún un kọ, kí ìdáhùn rẹ̀ má sì yẹ̀.

Ó pe Bàbá Ajíbóyè tó kọ Atọ́nà, nílé rẹ̀ ní Ìdànrè.

"Ẹ káàsán, bàbá. Àwo wa fẹ́ kọjú síbòmíràn."

"Ìwọ lo bà á jẹ́," ni bàbá dáhùn. "Atọ́nà kò ṣìṣe rí."

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, sà."

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Ohun tó bá ti pẹ́, ẹ ó ṣáà sọ pé kò dáa. Dá a padà sí bí o ṣe bá a!"

Fadérera mú ìwé àti bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò. Ọjọ́ karùn-ún ló tó rí i. Nínú Èdè Kejì, bí èèyàn bá pín méje sí ọ̀nà méjì, mẹ́ta ni ẹ̀rọ yóò wí. Yóò da ààbọ̀ tó ṣẹ́kù nù, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Èdè Kẹta kì í dà á nù. Fún ọkọ̀ tó wà nítòsí, ìdá kékeré yẹn kò ṣe nǹkan kan. Fún èyí tó bá jìnnà gan-an, ojoojúmọ́ ló ń kóra jọ, títí àwo fi kọjú sí ibi tí kò sí nǹkan kan.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí ìjọba ti kéde pé àwọn mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀ ti kú, torí pé wọn kò gbọ́ ohùn wọn mọ́. Mofẹ́wà, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Ajíbóyè bí, wà lára wọn.

Fadérera yí àwo náà síbi tí Atọ́nà tuntun tọ́ka sí. Ó dúró fún wákàtí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni ohùn tín-ín-rín kan wọlé, èyí tí ọkọ̀ náà gbà sílẹ̀, tó sì ń tún sọ láìdákẹ́.

"Etígbọ́run, Mofẹ́wà ni. Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn. Èmi nìkan ló kù."

Ọjọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀ hàn lójú ẹ̀rọ: ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Kò sí ohùn tuntun kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Fadérera sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó máa ní kó dákẹ́. Ó mọ̀ pé òun lè dá Atọ́nà padà sí bí ó ṣe wà, kí bàbá sì máa sùn ní àlàáfíà. Ó tún un pè.

"Ṣé o ti rí àṣìṣe rẹ?"

Fadérera tan ohùn náà fún un.

Ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ti ayé dé òṣùpá. Ìbéèrè ni bàbá fi dáhùn.

"Ọdún mélòó ni ọmọ mi fi ń pè wá?"

"Márùn-ún, sà. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, bàbá. Èdè yẹn ló ń da ìdá náà nù, ẹ kò mọ̀."

"Mo mọ̀," ni Bàbá Ajíbóyè wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti kọ ọ́ ni mo ti mọ̀. Mo rò pé kò tó nǹkan ni."

Fadérera pa ohùn tó ń tún ara rẹ̀ sọ náà.

"Má tíì lọ," ni bàbá tún wí. "Má sọ nǹkan kan. Ṣáà jókòó."

Ó fa àga súnmọ́ ẹ̀rọ, ó jókòó, ó ń gbọ́ bí bàbá ṣe ń mí.