Ihò Márùn-ún Kò Tó Láti Fi Ra Rímù

Nígbà tí Síkírù, ará Ìlọ́bù, ra rímù tòkunbọ̀ mẹ́rin lọ́jọ́ Jímọ̀, ó fọ̀ wọ́n kó tó fọ ojú ara rẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé, ó ti dè wọ́n mọ́ mọ́tò. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé àyà síta bí ọmọdé tó wọ aṣọ Iléyá.

Mọ́tò yìí ló fi ń gbé Husnah ọmọ rẹ̀ àti ọmọ aládùúgbò mẹ́ta lọ sí ilé ìwé ní Òṣogbo láràárọ̀.

Mùíbátù ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. "Bàbá Husnah, ta ló sọ fún yín pé rímù yìí bá mọ́tò wa mu?"

"Ihò nọ́ọ̀tì ti àtijọ́ márùn-ún, ti tuntun márùn-ún. Kí ló tún kù?"

Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ṣe ń rà á. A ó ka ihò, a ó wo bó ṣe ń dán, ó parí.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn àti ọmọ méjì lọ gbé ìyá Mùíbátù ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, bí mọ́tò ṣe kó sí kòtò báyìí, nǹkan ha gbàràrà lẹ́yìn. Òórùn rọ́bà gba inú mọ́tò.

"Ẹrù ló pọ̀," ni Síkírù wí.

"Ẹrù wo? Ìyá mi àti ọmọ méjì?"

Nígbà tí wọ́n rọra délé, Mùíbátù dúró níwájú mọ́tò. "Ọmọ kankan ò ní wọ mọ́tò yìí lọ́la, àfi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá wò ó. Mò ń lọ pe Bàbá Fátúkàsí, mekáníìkì Ìfọ́n."

"Ará Ìfọ́n? Nínú agboolé wa? Ṣé o ò mọ ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú wa àti tiwọn ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi ò ní torí ilẹ̀ kú sórí títì."

Ó gun ọ̀kadà, ó sì mú bàbá náà dé. Síkírù dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá."

Fátúkàsí tú rímù tuntun kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Ó nawọ́ sí lẹ́tà E àti T tí wọ́n kọ sínú wọn, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ rí ibi pẹrẹsẹ tí rímù fi ń lẹ̀ mọ́ mọ́tò? Bó ṣe jìnnà tó sí àárín ìbú rímù ni nọ́ńbà yìí ń sọ. Ọ́fúsẹ́ẹ̀tì là ń pè é. Ti àtijọ́ 45, ti tuntun 15. Ìbú méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni táyà ń yọ síta sí i, torí náà táyà rẹ ti fi mílímítà ọgbọ̀n yọ síta. Ó tó ìbú ìka méjì."

"Tí nọ́ńbà bá wá pọ̀ jù ńkọ́, Bàbá?" ni Mùíbátù bi í.

"Á wọnú jù, á máa ha ṣọ́ọ̀kì. Èyí tó yọ síta ń ha ara mọ́tò, ó sì ń tètè ba bíárìn tí táyà fi ń yí jẹ́. Tí mọ́tò bá ṣófo, o lè má gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí èèyàn bá jókòó sẹ́yìn ló ń fara hàn."

Síkírù fọwọ́ kan ibi tí ara mọ́tò ti ha táyà ẹ̀yìn ya. Ìka rẹ̀ wọlé. Ó bojú wo Husnah lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ti àtijọ́ padà. Gbogbo rẹ̀."

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má fi ihò nìkan ra rímù. Ẹ wo nọ́ńbà ọ́fúsẹ́ẹ̀tì ti àtijọ́, ẹ ra èyí tó bá a mu tàbí tó sún mọ́ ọn gan-an. Ẹ wo ìbú rímù àti ihò àárín rẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán, kí èèyàn mẹ́ta jókòó sẹ́yìn, kí ẹ yí sítíárín dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì. Bó bá ha, ẹ má gbé e jáde. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ, ìlú yòówù kó ti wá. Táyà tó fẹ́ bẹ́ kì í bèèrè ìlú ẹni.