Agbárí Já Bọ́ ní Malu Road

"Kí ló wà nínú àpò yìí?" Wàhábì, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, ló bi Lubabah bẹ́ẹ̀.

"Iṣu ni, bọ̀dá."

"Iṣu wo ló ń dún kẹ̀ù-kẹ̀ù báyìí?"

"Iṣu gbígbẹ ni."

Wàhábì wo ojú ẹ̀, ó wo àpò ìrẹsì tó gbé sórí itan, ó ní kó jókòó dáadáa. Ẹni tó ń wá owó oúnjẹ alẹ́ kì í bá iṣu jà.

Kì í kúkú ṣe iṣu. Ẹsẹ̀ kan, ọwọ́ kan àti agbárí sikẹ́lẹ́tìn ilé-ìwé wọn ni. Ní láàbù bàọ́lọ́jì wọn l'Ápápá, sikẹ́lẹ́tìn rọ́bà kan wà tí wọ́n fi irin gbé kọ́, tó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn, pàápàá àwọn tí kì í kàwé. Lubabah ló ń rẹ́rìn-ín sí jù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ tẹ́ẹ̀mù, bí tíṣà bá ti ń ṣàlàyé eegun, òun á máa fi ọwọ́ sikẹ́lẹ́tìn ha ẹ̀yìn Perpetual, ọ̀rẹ́ ẹ̀, gbogbo kíláàsì á sì máa rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Adétòkunbọ̀, tíṣà bàọ́lọ́jì, kéde pé lọ́la, oníkálukú á dúró níwájú òun, á dárúkọ eegun àti oríkèé tí òun bá nawọ́ sí. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, kó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́ kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì.

Lubabah fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Ó ti sọ ọ́ títí, ìyá ẹ̀ ti ń pè é ní "nọ́ọ̀sì mi" lójú àwọn oníbàárà. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo sikẹ́lẹ́tìn yẹn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́, eegun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni eyín, Perpetual sì sọ fún un pé eyín kì í ṣe eegun.

Bí àwọn yòókù ṣe ń jáde, ó dúró sẹ́yìn. Ó yọ ẹsẹ̀, ó yọ ọwọ́, ó ká agbárí bí ẹni ká àgbálùmọ̀. Ó sọ fún ara ẹ̀ pé òun ò jalè, òun kàn fẹ́ fi kàwé mọ́jú nílé l'Ájégúnlẹ̀ ni. Kí tíṣà tó dé lọ́la, á ti padà sáyè ẹ̀.

Ibi tí wọ́n dé ní Malu Road, kẹ̀kẹ́ kó sí kòtò kan. Àpò fò sókè, ẹnu ẹ̀ tú, agbárí bọ́ sílẹ̀, ó yí gba títì kọjá, ó rọra dúró síwájú ìsọ̀ Bàbá Tàófíìkì tó ń ta táyà tọ́kunbọ̀. Ó kọjú sí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Gààrí ni Bàbá Tàófíìkì ń mu. Ó gbé abọ́ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Agbárí èèyàn," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kí àlejò. Ìgbà tó máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo Malu Road ló gbọ́. Mẹkáníìkì dé, awakọ̀ tírélà dé, oníbúrẹ́dì dé, ẹni tó ń sáré lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ gan-an gbàgbé ibi tó ń lọ. Ọkùnrin méjì ti di Lubabah lọ́wọ́ mú.

"Rọ́bà ni, ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Lubabah wí. "Ti ilé-ìwé wa ni."

"Iṣu ló pè é nígbà tó wọ kẹ̀kẹ́ mi," ni Wàhábì wí. Ó ti sún jìnnà sí i.

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan," ni oníbúrẹ́dì wí. "Iṣu ni tẹ́lẹ̀, ó ti di rọ́bà. Tó bá ṣe díẹ̀ sí i, á di ẹ̀wà."

"Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ máa rí i," ni Lubabah wí.

"Kí n fọwọ́ kan kí ni? Ọmọ yìí fẹ́ kí n di ewúrẹ́."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ há sí. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á mọ̀ pé rọ́bà ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án àfi tó bá ti mọ̀ pé rọ́bà ni. Igi gígùn ni wọ́n fi tú ohun tó kù nínú àpò sílẹ̀. Ẹsẹ̀ jáde, ọwọ́ tẹ̀ lé e, wọ́n sì rí àwọn ìṣó kéékèèké tó so oríkèé wọn pọ̀.

"Ẹ wo ìṣó," ni Bàbá Tàófíìkì wí. "Òun ni wọ́n fi de ẹ̀mí onítọ̀hún mọ́bẹ̀."

Atẹ́gùn fẹ́, páárì ẹ̀rẹ̀kẹ́ agbárí tí wọ́n fi sípíríǹgì so sì mì.

"Ó ń sọ̀rọ̀."

"Kí ló sọ?"

"Ó jọ pé omi ló ń bèèrè."

Wọ́n ní àwọn afiniṣoògùn owó ló rán ọmọ yìí. Ẹnì kan ti ń yí táyà bọ̀ láti ìsọ̀ Bàbá Tàófíìkì. Lubabah rí táyà yẹn, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń fi táyà ṣe fún ẹni tí wọ́n bá pè lórúkọ yẹn. "Mo purọ́ nígbà tí mo ní iṣu ni," ó ń sunkún, "àmọ́ mi ò purọ́ báyìí." Ẹni tó ta irọ́ láàárọ̀ kì í rí oníbàárà fún òótọ́ nírọ̀lẹ́.

Ni Màmá Ebi bá sáré dé. Ẹja ló ń yan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn tírélà ń tò sí. Ọmọ ẹ̀, Ebikabowei, mọ́tò bọ́ì ni, kò sì tíì wálé láti àná. Màmá Ebi wo ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"Na my pikin knee be dat. Mo mọ orúnkún ọmọ mi. Bọ́ọ̀lù ló bà á jẹ́."

Èrò hó yèè. Táyà ti dé ẹ̀gbẹ́ Lubabah.

Òun náà ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i lẹ́nu. "Màmá, báwo ni Ebi ṣe ga tó?"

"Ó máa ń tẹrí ba kó tó wọ yàrá mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi igi yẹn wọn ẹsẹ̀ yìí, láti ìbàdí dé kókósẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ ẹni tó ń tẹrí ba wọlé nìyí?"

Wọ́n fi igi wọ̀n ọ́n láti òkèèrè. Wọ́n gbé igi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹkáníìkì kan tó ga. Kò ju itan ẹ̀ lọ.

"Bóyá ó súnkì," ni Bàbá Tàófíìkì wí, "bí ẹran tó pẹ́ lórí iná."

Ṣùgbọ́n ẹni tó yí táyà wá ti fi ṣe àga, ó ti jókòó lé e.

Ìgbà yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn tírélà kan ṣí. Ebikabowei sọ̀ kalẹ̀, ó ń yán, ó ń nu ojú.

"Ta ló kú?"

"Ìwọ ni," ni Wàhábì dá a lóhùn.

Màmá Ebi ò kọ́kọ́ dì mọ́ ọn. Ó tẹ èjìká ẹ̀, ó tẹ ìgbọ̀nwọ́, ó tẹ ọrùn ọwọ́, ó ka ẹfọ́nhà ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí aṣọ, ó wá ká orúnkún ẹ̀, ó tún nà án. "Ó pé," ó wí. Lẹ́yìn náà ló gbá a létí. Ọ̀gá Ebi ló ní kó ṣọ́ ọkọ̀ títí wọ́n á fi pè wọ́n wọ pọ́ọ̀tù, fóònù ẹ̀ sì ti kú.

Ebikabowei tí kò mọ̀ pé òun ti kú ò mọ̀ pé ó yẹ kóun bẹ̀rù. Ó rí nǹkan róbótó nílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ta á sókè, ó fi àyà gbà á, ó fi orí kàn án. Ó dún kò, bí abọ́ òfìfo.

"Rọ́bà ni, now," ó wí.

Ẹ̀rín bú. Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn fẹ́ fọwọ́ kàn án. Oníbúrẹ́dì gbé ẹsẹ̀ sikẹ́lẹ́tìn léjìká, ó ní kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Bàbá Tàófíìkì ní òun ti mọ̀ látilẹ̀wá. Lubabah jókòó sínú eruku, ẹnì kan fún un ní píọ̀ wọ́tà, ó mu ún, ó tún mu òmíì, ọkàn ẹ̀ sì ń padà sáyè díẹ̀díẹ̀.

"Kí lorúkọ eegun yìí?" ni mẹkáníìkì bi í.

"Mi ò mọ̀, sà."

"O fẹ́ẹ̀ kú torí ẹ̀, o ò mọ orúkọ ẹ̀?"

Ojú tì í. Ó fa ìwé bàọ́lọ́jì ẹ̀ yọ nínú bàágì, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè. Eegun itan, fémọ̀. Ojúgun, tíbíà. Kèrémí tó bo ojú orúnkún, patẹ́là. Àwọn awakọ̀ ń pè é tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé orí oríkèé, mẹkáníìkì gba ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹ̀, ó yí ibi tó ti ń wọ ìbàdí.

"Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì nìyí. Bíi ti mọ́tò gẹ́lẹ́. Èjìká náà ń kọ́?"

"Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni, sà."

"Orúnkún wá dà bí ilẹ̀kùn kọ̀ǹténà, iwájú sẹ́yìn nìkan ló ń lọ. Tí o bá fipá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kán."

Ohun tí Lubabah ò gbọ́ jálẹ̀ tẹ́ẹ̀mù, ó wọ̀ ọ́ létí lẹ́bàá títì.

Ìgbà tó ń kó ẹrù ẹ̀ ló rí i pé páárì agbárí ti já. Orí tí Ebikabowei fi kàn án ló ṣe é. Wàhábì, tí ojú ń tì, sáré lọ ra gọ́ọ̀mù wá. "Lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Lubabah mú gọ́ọ̀mù náà dání. "Irọ́ òní ti tó mi, bọ̀dá," ó wí, ó dá a padà.

Lọ́jọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó kó gbogbo ẹ̀ síwájú Ọ̀gbẹ́ni Adétòkunbọ̀, ó kúnlẹ̀. "Sà, èmi ni mo kó o. Ó ti já níbí."

Tíṣà wo páárì, ó wo òun náà. "Kí ni mo sọ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé sikẹ́lẹ́tìn yìí dé?"

"Ẹ ní ká má gbé e láìgba àṣẹ."

"Ṣé ẹnì kan nínú yín ti wá gba àṣẹ rí?"

"Rárá, sà."

"Láti èṣí ni mo ti ń retí ẹni tó máa bèèrè. Ká ní o bèèrè ni, màá fi mọ́tò ara mi gbé e délé yín."

 Lubabah gbálẹ̀ láàbù títí tẹ́ẹ̀mù fi parí, ìyá ẹ̀ sì bá a wí débi pé ohùn ìyá gan-an há. Ṣùgbọ́n nígbà tó kàn án nídìí ìdánwò, eegun méjì péré ló ṣì. Tíṣà ní kó padà sórí àga ẹ̀ ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì.

Ìwọ tó ò ń kà á, abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ohun tó o lè fi ẹnu tọrọ, má fi ọwọ́ jí i. Irọ́ kékeré tó o pa láti fi bò ó, òun ni kò ní jẹ́ kí wọ́n gba òótọ́ ẹ gbọ́ lọ́jọ́ tí ẹ̀mí ẹ bá dúró lé òótọ́.