Okùn Tó Dẹ̀

Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Kazuha nígbà tó kọ́kọ́ gbé rákẹ́ẹ̀tì tẹ́níìsì rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù tí bàbá Shunpei ti ń fa okùn rákẹ́ẹ̀tì ní Imabari, ìlú etíkun kan ní Japan. Okùn inú rẹ̀ ti já.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fà á kó le dáadáa," ló wí. "Bí kò bá le, mi ò ní gbà á."

Shunpei, ọ̀dọ́kùnrin tó fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, rẹ́rìn-ín, ó sì fà á. Kó tó ta kókó ìgbẹ̀yìn, ìfẹ́ ti mú un.

Láìpẹ́, kò sẹ́ni tí kò mọ Kazuha nílẹ̀ Japan. Àwòrán rẹ̀ wà lára ọkọ̀, lára ike tíì, títí kan ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ gbogbogbò. Ọjọ́ tó bá ń gbá tẹ́níìsì lókè òkun, àwọn apẹja Imabari kì í tètè lọ sójú omi. Ẹnu a máa ya Shunpei níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ṣé ọwọ́ tó gba rákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ òun náà rèé? Nígbà tí Kazuha tún yà sí ṣọ́ọ̀bù, "ẹ" ni Shunpei ń fi bá a sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà jù.

"Yé wo òkè bẹ́ẹ̀, kí ọrùn má baà dùn ọ́," ni ìyá Shunpei wí fún un lọ́jọ́ náà. "Irú ẹni yẹn kọ́ ló máa wá fọ abọ́ nílé wa." Kò mọ̀ pé Kazuha ò tíì jìnnà sẹ́nu ọ̀nà.

Síbẹ̀, ibi yòówù kí Kazuha wà láyé, ọ̀dọ̀ Shunpei ló ń fi rákẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí.

Lọ́dún kẹtàlá tí wọ́n ti mọra, Shunpei rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pé èjìká ń dun Kazuha, bó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ìwé tó ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rákẹ́ẹ̀tì kò yí padà: kó le dáadáa. Shunpei dẹ okùn náà díẹ̀ kó lè rọ èjìká náà lọ́rùn, kò sì sọ fún un. Ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nídìí iṣẹ́ wọn. Ká ní bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé ni, ì bá lé e jáde. Ọdún méjì gbáko ló fi ṣe é, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ níjọ́ kan.

Nígbà tí Kazuha fẹ̀yìn tì, ó gbé rákẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn wá. Shunpei tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan káńtà.

"Ẹ forí jì mí. Mo ti ń tàn yín jẹ. Mo dẹ okùn yín."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ọwọ́ mi ló ń lò ó, báwo lọwọ́ mi ò ṣe ní mọ̀? Ohun tójú ń tì mí láti béèrè lẹ ṣe fún mi. Gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin nìkan lẹ rí i pé ó ń dùn mí."

Kazuha bọ́ bàtà, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Shunpei wọ inú ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ìyá Shunpei ti ń gé ewébẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí ẹní, ó fọwọ́ méjèèjì kanlẹ̀.

"Ìyá, mo wá tọrọ Shunpei lọ́wọ́ yín. Mo mọ abọ́ fọ̀."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ ìyá. Ó wo obìnrin tí gbogbo ìlú ń dìde fún, ó wo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé o ti jẹun?" ló bi Kazuha.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Kazuha fọ abọ́ lóòótọ́. Shunpei dúró tì í, ó ń gba èyí tó wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí èjìká yẹn.