Ohùn Tó Wà Létí Síídì

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹfà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn náà, ní Kitwe, ìlú wa ní Zambia, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀wé kọ. Mi ò ní fi í purọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Orin mọ́kànlá ni Besa ìyàwó mi kọ sínú síídì pẹ̀lú àwọn ìyá ìjọ mẹ́fà kó tó kú. Kò sí ẹ̀dà mìíràn. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí ẹ̀rọ tí mo fi ń gbọ́ síídì náà bẹ̀rẹ̀ sí í fo ọ̀rọ̀, mo gbé e lọ bá Kapembwa tó ń tún un ṣe. Ó ṣí ìdérí rẹ̀. Ó ní iná tín-ín-rín kan ló ń ka síídì láti abẹ́, láìfọwọ́ kàn án. Àárín ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń rìn lọ sétí díẹ̀díẹ̀. Bí orin bá tán, á padà.

Orin kọkànlá tán. Dígí kékeré tó gbé iná náà kò padà. Ó ń lọ. Ó wọ ibi tí wọn kò kọ nǹkan kan sí. A gbọ́ èémí. Lẹ́yìn náà ni ohùn Besa sọ pé, "Bàbá Mutale, má..."

Ó dákẹ́.

Kapembwa yọ wáyà. Ó ní kí n gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù òun.

Mo tún gbé e sí i nílé. Orin kìíní ti dákẹ́. Nọ́ńbà ń kà lójú ẹ̀rọ, kò sí ohùn. Kò sí ilà kankan lójú síídì náà, kò sì fọ́. Létí rẹ̀, ohùn náà fi ọ̀rọ̀ kan kún ti tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, orin kejì lọ. Ọ̀rọ̀ kan tún wọlé.

Mutale ọmọ wa wá lọ́jọ́ kẹta. Ó gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Bàbá, orin mẹ́jọ ló kù. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú wọn."

"Ìyá ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ tán."

"Ó dá yín lójú pé Ìyá ni?"

"Ogójì ọdún lohùn yẹn fi bá mi jà. Ṣé ìwọ lo máa fi í hàn mí?"

Ó rọra sọ ọ́. "Ìyá ò pè yín ní Bàbá Mutale rí. Kasuba ni wọ́n ń pè yín. Gbogbo àdúgbò ló ń bú wọn torí pé wọ́n ń pe ọkọ wọn lórúkọ."



Mo tún gbé e sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ náà ti gùn, kò tíì tán. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Títí di òní, orin mẹ́sàn-án ti lọ, pẹ̀lú ohùn ìyá ìjọ mẹ́fà tó ń gbè é. Méjì ló kù.